Táí Ṣólàrìn: Ọ̀gá Ilé Ìwé Tí Kò Fẹ́ Ẹ̀sìn ní Kíláàsì

Kí púpurú tó délẹ̀, kí àwàdà tó gbà wá lẹ́nu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka ìtàn ọkùnrin kan.

Kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní ilé ìwé girama nílẹ̀ Yorùbá, mi ò mọ ẹni tó tún da ọ̀rọ̀ náà rú tó o, mi ò sì mọ ẹni tó tún mú wa ronú sí i tó o. Táí Ṣólàrìn ni mò ń wí, baba oníṣòkòtò péńpé kakí, tó dá Mayflower School sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ yìí, àwọn kan nínú yín, pàápàá ẹ̀yin tíṣà tí ẹ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, á ti máa wò mí bí ẹni tó gbé kèǹgbè ẹmu wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ fara balẹ̀. N kò wá yí ẹnikẹ́ni lẹ́sìn padà. Ìbéèrè kan ni ọkùnrin náà fi gbogbo ayé rẹ̀ bi wá, a kò sì tíì dáhùn rẹ̀ dáadáa títí di òní: ṣé ẹ̀sìn tí à ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì ń sọ ọ́ di ọmọlúàbí, àbí ó kàn ń kọ́ ọ ní àkọ́sórí lásán?

ỌMỌ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ NI

Oṣù kẹjọ ọdún 1922 ni wọ́n bí Táíwò Ṣólàrìn, ní ìlú kan náà tí wọ́n ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ fún yín pé ìbejì ni. Augustus ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó lọ sí Wesley College ní Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní 1905 láti máa kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ àti kátíkíìsì.

Ẹ̀yin àgbà mọ bí ayé ìgbà náà ṣe rí. Tíṣà àti kátíkíìsì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó kọ́ ọ ní A B D lọ́jọ́ Ajé náà ló ń ka Bíbélì fún ọ lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló sì ń na ọmọ tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Torí náà, àwọn tó máa ń bú Ṣólàrìn pé kò mọ Bíbélì ló fi ń bá ẹ̀sìn jà kò sọ òótọ́. Ẹni tó gba Wesley College kọjá kì í ṣe àjèjì sí Bíbélì. Inú ilé ló ti jáde, kì í ṣe ẹni tó dúró lẹ́yìn ògiri tó ń sọ òkò.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, RAF. Iṣẹ́ afọ̀nàhàn inú bàálù ni wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀. Bí ẹ bá rò ó wò, iṣẹ́ náà bá ìwà rẹ̀ mu gan-an. Afọ̀nàhàn inú bàálù kò lè sọ pé bóyá ọ̀tún ni, bóyá òsì ni, Olúwa á ṣọ̀nà. Ó gbọ́dọ̀ wo máàpù, kó wọn ọ̀nà, kó ṣe ìṣirò, kó tún un ṣe, torí ẹ̀mí àwọn tó kù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jọ pé ọkùnrin yìí kò bọ́ aṣọ iṣẹ́ náà kúrò lọ́kàn mọ́ títí tó fi kú.

Lẹ́yìn ogun, kò tètè padà wálé. Ó lọ sí Yunifásítì Manchester, ó sì tún kàwé sí i ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ló ti rí aya, Sheila Mary Tuer, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1951, nígbà tó sì di 1952 tọkọtaya ti dé Nàìjíríà. Ẹ bá mi kí obìnrin náà níbi tó wà. Ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá sí ilẹ̀ tí kò mọ̀, ó bá a gbé ilé ìwé ró, kò sì fi Ìkẹ́nnẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ lọ tán. Ọdún 2012 ló tó dágbére.

BÓ ṢE KÚRÒ NÍ MOLUSI

Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni Ṣólàrìn ti kọ́kọ́ di ọ̀gá ilé ìwé girama. Àwọn ará ìlú ló dá a sílẹ̀ ní 1949. Stephen Awókọ̀yà, ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀, ti bọ́ sí ìjọba, ó ti di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Awókọ̀yà yìí náà ló gbé ìlànà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955 lábẹ́ Awólọ́wọ̀. Ṣólàrìn ló bọ́ sí àga tó fi sílẹ̀ ní Molusi.

Ní àsìkò náà, ilé ìwé girama tí kò ní ẹ̀sìn nínú dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Àwọn ìjọ ló ni èyí tó pọ̀ jù, kódà èyí tí ìlú dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe bíi ti ìjọ. Ẹ wo tiwa níhìn-ín náà. Orúkọ Stella Maris tó wà ní Òkìtìpupa, oyè Màríà Wúńdíá ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìràwọ̀ òkun. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní tiwọn, àwọn Áńgílíkà ní tiwọn. Aago ń dún, gbogbo ọmọ ń tò, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbàdúrà, pírínsípà ń sọ̀rọ̀, kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ọmọ olórìṣà wà níbẹ̀, orin kan náà ni wọ́n jọ ń kọ. Ta ló fẹ́ dá ara rẹ̀ yà sọ́tọ̀?

Ṣólàrìn ní òun kò ṣe. Èrò rẹ̀ ni pé ẹ̀sìn bí a ti ń ṣe é ń sọ ọmọ adúláwọ̀ di ọ̀lẹ ọkàn. Ohun tó yẹ kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, yóò kúnlẹ̀, yóò ní kí Ọlọ́run bá òun ṣe é. Ohun tó yẹ kó béèrè ìdí rẹ̀, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó fẹ́ kí àdúrà àárọ̀ àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn kúrò nínú ètò ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ di ìjà. Bí ẹ bá fi ara yín sí ipò àwọn òbí ìgbà náà, ẹ kò ní dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Wọ́n tu owó jọ, wọ́n kọ́ ilé ìwé, wọ́n gba ọ̀gá tó ti òkè òkun dé, òun náà wá ní àdúrà kò sí mọ́.

Nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbà fún ẹnìkejì, Ṣólàrìn kó ẹrù rẹ̀. Ó fi owó oṣù sílẹ̀, ó fi ilé ọ̀gá sílẹ̀, ó sì padà sí Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ní ìyàwó nílé.

MAYFLOWER

Ní 27 oṣù kìíní ọdún 1956, Ṣólàrìn àti Sheila ṣí ilé ìwé tiwọn sí Ìkẹ́nnẹ́. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi kan ni wọ́n fún un, èyí tó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620, torí pé ìjọba ilé wọn kò jẹ́ kí wọ́n sin Ọlọ́run bó ti wù wọ́n. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe lè yí padà. Àwọn tó wọ ọkọ̀ ìgbà yẹn ń sá kí wọ́n lè rí ibi gbàdúrà. Ẹni tó gba orúkọ ọkọ̀ náà ń sá kúrò níbi tí wọ́n ti ń fipá mú ọmọ gbàdúrà. Lójú mi, òmìnira kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá.

Ní Mayflower, kò sí ilé àdúrà, kò sí orin ìyìn ní ásẹ́ńbìlì, kò sí ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí tàìmù-téébù. Ariwo sọ. Wọ́n ní àwọn ọmọ á yàyàkuyà, pé ọmọ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run kò ní bẹ̀rù ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kò yé mú ọmọ wá. Lára wọn ni àwọn tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Kí ló dé? Wọ́n ń rí ohun tí àwọn ọmọ náà ń dà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, torí ohun tó yọ kúrò nìkan ni àwọn ènìyàn máa ń sọ, wọn kì í sọ ohun tó fi dí ojú rẹ̀. Iṣẹ́ ló fi dí i. Àwọn ọmọ Mayflower roko, wọ́n sin ẹran, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n bá wọn lọ́wọ́ sí kíkọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Ọmọ olówó di ọkọ́ mú, ọmọ tálákà di ọkọ́ mú. Obìnrin kò sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin nìyí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀ àti fìlà, kò dúró sábẹ́ igi kó máa nawọ́. Níbi tí àwọn ilé ìwé mìíràn ti ń fi ìtàn Sólómọ́nì kọ́ ọmọ pé kó lọ sọ́dọ̀ èèrà kó lọ kọ́gbọ́n, Ṣólàrìn fi ọmọ sínú oko kó di èèrà fúnra rẹ̀.

Ohun kejì tó fi dí i ni ìbéèrè. Lójú rẹ̀, ọmọ tí kò lè béèrè ìdí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Òun náà sì ń fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, nínú Daily Times àti Nigerian Tribune, ó ń bá gbogbo ìlú jiyàn bí ìgbà tí tíṣà ń bá kíláàsì jiyàn. Ọjọ́ kìíní ọdún 1964, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń kí ara wọn pé ọdún á yabo, òun kọ àròkọ kan tó fi gbàdúrà pé kí ọ̀nà gbogbo wa le. Àwọn kan ní èpè ló ṣẹ́. Àwọn tó kà á dé ìsàlẹ̀ rí i pé ohun tó ń wí ni pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kì í di nǹkan. Ó kú, àròkọ náà kò kú. Títí dòní, bí ọdún tuntun bá ti dé, wọn á tún gbé e jáde.

Ẹ̀kọ́ bí èyí ní orúkọ níbòmíràn. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tí àwọn Faransé ṣàkóso rí, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ìrònú, tí wọ́n ń pè ní fìlọ́sọ́fì, wà lára iṣẹ́ kíláàsì àṣekágbá ní girama. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Kétu ń ṣe ìdánwò rẹ̀ kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n lè bi í pé kí ni òdodo, tàbí pé ṣé òmìnira wà, kó jókòó kó sì kọ èrò rẹ̀ pẹ̀lú ìdí. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Òkìtìpupa kò ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tó sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ wa ni kíláàsì ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Bí tíṣà ẹ̀sìn kò bá wá jẹ́ kí ọmọ béèrè ọ̀rọ̀, ọmọ náà á jáde girama láìsí ẹni tó bi í rí pé kí lo rò.

IBI TÍ MI Ò BÁ A LỌ

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tí baba náà ṣe ni mo fara mọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n kì í sì í ṣe pé àgbà kan kì í ṣìnà. Ní tèmi, bí ilé ìwé bá pa ẹnu mọ́ lórí ẹ̀sìn, ìpanumọ́ náà jẹ́ ẹ̀kọ́ kan. Ọmọ á rò pé ohun tí ìyá rẹ̀ ń kúnlẹ̀ sí lóròòru kò yẹ ní ohun tí ọmọ ìwé ń rò. Oko á kọ́ ọ ní sùúrù, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá kú, kò ní bi ọkọ́ léèrè ibi tí òkú ń lọ.

Nígbà tí Ṣólàrìn ń lé ẹ̀sìn kúrò ní kíláàsì ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹlòmíràn ń ti ọ̀nà mìíràn bọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, ọmọ Ìkòròdú, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì tó padà di olórí ìjọ náà ní gbogbo Nàìjíríà ní 1972, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde ní 1962. Ìdòwú kò lé ẹ̀sìn jáde. Ó ní kí a gbé e sórí tábìlì kí a yẹ̀ ẹ́ wò, títí kan ẹ̀sìn àwọn baba wa tí àwọn òyìnbó ń pè ní ìbọ̀rìṣà lásán. Mẹ́tọ́díìsì ló kọ́ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ní kí a má kọ́ ẹ̀sìn, ìkejì ní kí a kọ́ ọ pẹ̀lú ojú tó là.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ṣe àpẹẹrẹ. Ta ni nínú wa tí kò mọ Ayélála? Láti Ìlàjẹ títí dé Ìkálẹ̀, títí dé Ìbíní, bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ níbi tí nǹkan ti sọnù, ọwọ́ olè á gbọ̀n. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ọkùnrin kan lára àwọn Ìlàjẹ gba aya aláya, ó sì sá lọ sọ́dọ̀ àwọn Ijaw. Ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí rẹ̀, wọn kò pa ọkùnrin náà. Ẹrúbìnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n fi dí i. Ohun tó ń wí kó tó kú, pé ayé kọjá ohun tí ènìyàn lè mọ̀, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì sọ ọ́ di òrìṣà tó ń gbẹ̀san lára ọ̀dàlẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà ẹ̀sìn, ẹ wo irú ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí. Ṣé ó tọ́ kí aláìṣẹ̀ kú nítorí ẹlẹ́ṣẹ̀? Kí ló mú kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ wá di adájọ́ àwọn tó rẹ́ ẹ jẹ? Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí wọ́n fi ipá pa dípò ẹlòmíràn, àti ẹni tí àwọn Kristẹni gbà pé ó fínnúfíndọ̀ kú fún ayé? Ọ̀jọ̀gbọ́n Awólàlú ti Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ̀wé lórí Ayélála yìí gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́ ìwà láwùjọ. Bí Yunifásítì bá lè jókòó tì í, ọmọ girama Òkìtìpupa náà lè jókòó tì í. Kò sí ẹni tó ní kó lọ bọ ọ́. Kó kàn ronú.

Bí mo bá lè pe Ṣólàrìn sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, mo rò pé á jókòó sẹ́yìn, á sì nawọ́ sókè kó lè béèrè ọ̀rọ̀.

ÌYÀ TÓ JẸ NÍTORÍ Ẹ̀TỌ́

Ó wà ní ipò ọ̀gá ní Mayflower fún ogún ọdún, títí di 1976, nígbà tí ìjọba ti ń gba àwọn ilé ìwé sọ́wọ́. Ní àsìkò kan náà, wọ́n fi ṣe Kọmíṣọ́nnà tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn àti Òǹdó. Ẹ rí i pé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fìyà jẹ ní Ìrèlè tàbí ní Ìkọ̀yà lè mú ẹjọ́ tọ̀ ọ́ lọ.

Àwọn ológun kò fẹ́ràn ẹnu rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gágun Gowon sọ ní 1974 pé àwọn ológun kò ní lè gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1976 mọ́, Ṣólàrìn kọ̀wé ta kò ó ní gbangba. Ní 1984, lábẹ́ Ọ̀gágun Buhari, ó ní kí wọ́n dá ìjọba padà fún alágbádá. Wọ́n gbé e, wọ́n tì í mọ́lé fún ohun tó lé ní ọdún kan láìsí ẹjọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ikọ́ fée sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọdún 1985 tí Babangida gba ìjọba ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nígbà tí Babangida yìí náà dá Báńkì Ará Ìlú, People's Bank, sílẹ̀ ní 1989 láti máa yá tálákà lówó, Ṣólàrìn gbà láti ṣe alága rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bínú pé kí ló ń wá lọ́dọ̀ ológun. Ó ní tàwọn tálákà lòun ń ṣe.

Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń sọ pé láìsí ẹ̀sìn kò sí ìwà. Ọkùnrin tí kò retí ọ̀run, tí kò sì bẹ̀rù iná, ló lọ sí àtìmọ́lé nítorí àwọn tí kò mọ̀ rí. Lọ́jọ́ kan náà, mélòó nínú àwa tí a mọ orin ìyìn lórí ló panu mọ́? Mi ò fi dá ẹ̀sìn lẹ́bi. Àwa ni mo ń bi.

OHUN TÓ KÙ

Ọdún 1994 ni Táí Ṣólàrìn kú, nígbà tí wàhálà ìdìbò 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 ṣì ń gbóná. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni.

Láti ìgbà náà, òfin ìlú ti sún mọ́ ọn ju bí àwọn kan ti mọ̀ lọ. Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, abala 38, sọ pé ilé ẹ̀kọ́ kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú ọmọ kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí kó wà níbi ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, bí òun tàbí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ní 2017, ariwo ńlá sọ nígbà tí àwọn ìjọ Kristẹni rí i pé ìjọba ti kó ẹ̀kọ́ Kristẹni, ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú sábẹ́ orúkọ kan. Wọ́n jà títí wọ́n fi ní kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ padà. Gbogbo ènìyàn ló ń jà lórí ẹ̀sìn ta ni kí a kọ́. Èèyàn díẹ̀ ló ń béèrè pé báwo ni kí a ṣe kọ́ ọ.

Yunifásítì kan tún wà ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Orúkọ Táí Ṣólàrìn ni wọ́n fún un. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wà níbẹ̀. Àwọn tíṣà tó ń jáde lọ kọ́ ọmọ ní Bíbélì àti Kùránì ń jáde pẹ̀lú orúkọ ọkùnrin tí kò fẹ́ ẹ̀sìn ní kíláàsì lórí ìwé ẹ̀rí wọn. Àwọn kan á ní ẹ̀yà ni wọ́n fi ṣe. Èmi rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Tíṣà ẹ̀sìn tó bá ń rántí orúkọ tó wà lórí ìwé rẹ̀ á máa ronú kó tó na ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Lóde òní, ẹ̀kísípò ti wọ gbogbo ìdánwò, kò yọ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn sílẹ̀. Ọmọ á jí ìdáhùn wò, á fi kọ Òfin Mẹ́wàá sílẹ̀ láìṣàṣìṣe, pẹ̀lú ibi tó ti ní a kò gbọ́dọ̀ jalè. Á gba máàkì tó ga jù lọ. Òbí á ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀wọ́, kí la kọ́ ọmọ yẹn? Bí Ṣólàrìn bá wà láyé tó bi wá ní ìbéèrè yìí, kí la fẹ́ fi dá a lóhùn, pé ó kàn kórìíra ẹ̀sìn ni?

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá jókòó lórí ohun tí a ó ṣe fún ilé ìwé, ẹ jẹ́ ká rántí oko ilé ìwé àti ìwé kíkà pẹ̀lú gbogbo ohun mìíràn. Ẹ jẹ́ ká ṣètò pé kí àwọn ọmọ máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìwà àti ìgbàgbọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí tíṣà jókòó, kí àwọn ọmọ dìde sọ̀rọ̀. Kò ná wa lówó.

Ẹ̀yin tíṣà ẹ̀sìn tó kọ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ jí ní ìdájí tí ẹ wá kọ́ wa pẹ̀lú owó oṣù tí kì í tètè dé, a kò lè san oore yín tán. Ọ̀pọ̀ nínú wa di ènìyàn nítorí ohun tí ẹ gbé ṣe ju ohun tí ẹ kà fún wa lọ. Ẹ ti gbọ́ ti ọkùnrin Ìkẹ́nnẹ́. Bí ẹ bá ní èsì fún un, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ti ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹnu ni ẹ fẹ́ fi sọ ọ́, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi oúnjẹ. Màá jókòó, màá sì gbọ́.